Kíka Àwọn Tí Kò Sí Nínú Ibojì

Ní ọdún 1983, ní Talheim, abúlé kan lẹ́bàá ìlú Heilbronn ní Jámánì, ẹnì kan ń gbẹ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀ ló bá kan eegun èèyàn. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi tú ibẹ̀ tán, òkú 34 ni wọ́n kà nínú ihò kan tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 3 lọ. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ jẹ́ 16, ọkùnrin 9, obìnrin 7, àgbàlagbà 2 sì wà tí eegun wọn ti bàjẹ́ kọjá kí a mọ̀ bóyá ọkùnrin ni wọ́n tàbí obìnrin. Kò sẹ́ni tó tẹ́ wọn. Ńṣe ni wọ́n kó wọn dà sínú ihò bí ẹni da ilẹ̀ nù, orí èyí lórí ẹsẹ̀ ìyẹn. Joachim Wahl, tó yẹ eegun wọn wò, rí i pé ihò tó wà lára agbárí wọn bá ẹnu àáké òkúta mu, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà fi ń gbẹ́ igi. Ẹ̀yìn ni púpọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ́ àáké náà ti wá. Ọ̀rọ̀ nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn nìyí.

Eegun a máa sọ òtítọ́ nípa ẹni tó ni ín. Gbé agbárí kan síwájú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, yóò sọ fún ọ bóyá ọmọdé ni tàbí àgbà, bóyá ọgbẹ́ orí rẹ̀ ti ń jinná kó tó kú tàbí ojú ẹsẹ̀ ló kú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa Talheim ju ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Ṣé gbogbo abúlé ni wọ́n pa? Ta ló sá àsálà? Ta ni wọ́n kó lọ? Ọwọ́ àwọn tí kò sí nínú ihò náà ni ìdáhùn wà, ẹni tí kò sí kò sì ní eegun tí a lè yẹ̀ wò. Ká tó lè ka ẹni tí kò sí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye ẹni tó yẹ kó wà. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ibojì kì í ṣe ìwé ìkànìyàn. Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń sìnkú. Àgbà tó fọwọ́ rọrí kú, inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí, nínú yàrá rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbíkú kò gba irú ibojì bẹ́ẹ̀, igbó ni wọ́n ń gbé e lọ. Aboyún tó kú toyún-toyún, ẹni tí Ṣàngó pa, ẹni tó pokùnso, olúkúlùkù ní àwọn tó ń sin ín àti ibi tí wọ́n ń sin ín sí. Bí awalẹ̀pìtàn kan bá wá wú ilẹ̀ ilé àwọn baba wa ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i, tí kò sì wọ igbó, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ilẹ̀ yìí, ọmọdé kì í kú. Àṣìṣe ńlá gbáà ni yóò jẹ́, eegun tó kà ò sì parọ́ fún un rárá. Ibi tó wà nìkan ló kà. Gbogbo itẹ́ òkú ayé àtijọ́ ló ní irú ìṣòro yìí, àfi kí a rántí rẹ̀ kí a tó fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ ogun.

Ikú ojoojúmọ́ àti ikú ọjọ́ kan ṣoṣo kì í fi òkú kan náà sílẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé, nǹkan bí ìdajì ọmọ tí wọ́n ń bí ni kì í dàgbà. Ọmọ ọwọ́ ni ikú ń mú jù, lẹ́yìn rẹ̀ arúgbó. Ọmọ ọdún 10 sí 19 ni ikú kì í sábà rí mú: wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ọmọdé, ogbó ò sì tíì dé bá wọn. Nítorí náà, itẹ́ tí abúlé kan fi 100 ọdún sin òkú sí máa ń kún fún ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ á sì kéré níye. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá ká abúlé náà mọ́ lóru ọjọ́ kan, bí àwọn èèyàn ṣe wà láàyè ni wọ́n ṣe máa wà nínú ihò. Àwọn ọ̀dọ́ á pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé wọ́n pọ̀ nínú abúlé. Bí mo bá rí itẹ́ tí ọ̀dọ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀, àyà mi máa ń já, kódà kí n tó wo ojú ọgbẹ́ kankan.

Àmọ́ mélòó ni “pọ̀ jù”? Ọ̀dọ́ 3 nínú òkú 20 ńkọ́? Ó lè jẹ́ ogun, ó lè jẹ́ pé bó ṣe bọ́ sí nìyẹn. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, a ní láti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, ni àwọn onímọ̀ bá ń ṣẹ̀dá wọn sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ yìí ni mo ń pè ní àfarawé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Ká ní èèyàn 100 ni a fi bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí, á sọ ọ́ di ọkùnrin tàbí obìnrin. Bí ọdún bá ti yí, yóò ṣẹ́ gègé lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: yóò mú nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 1 láìwo ojú ẹnikẹ́ni, bí nọ́ńbà náà bá kéré sí ewu ikú tó wà fún ọjọ́ orí onítọ̀hún, ó kú nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, a lè ní kí ewu rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 4. Ti ọmọ ọdún 12 kì í tó 1 nínú 100. Lẹ́yìn èyí, ewu náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Benjamin Gompertz, ará Ìlú Ọba, ló ti kíyè sí i láti ọdún 1825 pé ewu ikú àgbàlagbà kì í fi díẹ̀díẹ̀ ga, ìlọ́po-ìlọ́po ló máa ń lọ, ìlànà rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Àwọn obìnrin inú kọ̀ǹpútà á máa bímọ, ọmọ á máa dàgbà. Bí a bá wá fẹ́ ogun, a ó mú un wọlé: ìkọlù kan ṣoṣo tó pa gbogbo abúlé, tàbí ìkọlù kéékèèké tó ń pa ẹnì kan lónìí, ẹni méjì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Bí a bá dúró síbẹ̀, eré ọmọdé la ṣe. Ohun tó ń sọ àfarawé di iṣẹ́ ni pé a gbọ́dọ̀ sin àwọn òkú náà, kí a sì jẹ́ kí ilẹ̀ jẹ wọ́n. Eegun ọmọ ọwọ́ rọ̀, ilẹ̀ kíkan a máa jẹ ẹ́ tán kí ti àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Nítorí náà a ó ní kí kọ̀ǹpútà yọ ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ kúrò. Odò gbá apá kan itẹ́ lọ, ẹ yọ ìyẹn náà. Ojú awalẹ̀pìtàn pàápàá ò ríran tó: ọjọ́ orí ọmọdé rọrùn láti mọ̀ lára eyín, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti kọjá 40, eegun ò ya ọmọ ọdún 50 sọ́tọ̀ sí ti ọdún 65 dáadáa. Ní ọdún 1982, Jean-Pierre Bocquet-Appel àti Claude Masset kọ ohun kan tó mú gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lára gbóná. Wọ́n ní ọjọ́ orí tí àwọn èèyàn ń kà lára òkú àtijọ́ wulẹ̀ ń jọ ti àkójọ eegun òde òní tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ni. Ọ̀rọ̀ náà korò, òótọ́ púpọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, àfarawé tó bá mọ iṣẹ́ ní láti fi àṣìṣe ojú náà kún un, kó ṣi ọjọ́ orí àwọn òkú rẹ̀ kà bí èèyàn ẹlẹ́ran ara ṣe máa ń ṣì í kà.

Ìgbà yẹn ni a tó mú itẹ́ inú kọ̀ǹpútà wá síwájú itẹ́ gidi. Ṣé wọ́n jọra? Bí wọn ò bá jọra, a ju ìtàn yẹn nù, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà 10,000, nígbà 100,000. Ìtàn tí itẹ́ rẹ̀ ń jọ ti gidi lọ́pọ̀ ìgbà ló yẹ kí a máa gbà gbọ́.

Ọgbẹ́ ló ṣòro jù láti ṣe àfarawé rẹ̀, nítorí pé ọfà tó pa èèyàn kì í sábà kan eegun. Ikùn ni, tàbí ọrùn, tàbí àárín egungun ìhà. George Milner lọ ka àkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó tọ́jú àwọn tí ọfà bà, ó sì rí i pé nǹkan bí ọfà 1 nínú 3 ló ń kan eegun. Nínú ẹni mẹ́ta tí ọfà pa, àwọn méjì lè wọ ibojì kí eegun wọn máa dán bíi ti ẹni tó sùn.

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tí èyí túmọ̀ sí, ni mo bá bu ẹ̀wà sínú àwo ní ilé ìdáná. Ẹ̀wà funfun 290, ẹ̀wà pupa 10. Ìlú kan ni mo fi ṣe, tí ogun pa 30 nínú 300 òkú rẹ̀, ìyẹn 1 nínú 10. Ṣùgbọ́n lára eegun ẹni 10 péré, ìyẹn àwọn ẹ̀wà pupa, ni àpá ọfà ti hàn. Mo dijú, mo ka ẹ̀wà 20 jáde, bí awalẹ̀pìtàn tó rí òkú 20 wú. Funfun ni gbogbo wọn. Mo dà wọ́n padà, mo rò ó pọ̀, mo tún kà á: pupa kan. Ìkẹta, funfun poo. Nígbà tí mo ṣe é tó ìgbà 20, ìgbà 11 ni kò sí pupa kankan lọ́wọ́ mi. Ìṣirò gan-an sọ pé nǹkan bí ìdajì ìgbà ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Ogun pa ìdámẹ́wàá ìlú, síbẹ̀ ìdajì àwọn tó wá wú ilẹ̀ ibẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí gbé ní àlàáfíà. Bó bá jẹ́ pé 5 nínú 100 ni ogun pa, nínú ìgbà 1,000 tí a bá wú òkú 20, nǹkan bí ìgbà 714 ni a kò ní rí ọgbẹ́ ọfà kan. Àwo ẹ̀wà yẹn ló kọ́ mi láti má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé itẹ́ kékeré tó mọ́ tónítóní.

Ẹ jẹ́ ká wá wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Jebel Sahaba, ní àríwá Sudan, lẹ́bàá odò Náílì, ẹgbẹ́ awalẹ̀pìtàn Fred Wendorf wú itẹ́ kan ní àwọn ọdún 1960, kí omi ìsédò Aswan tó bò ó mọ́lẹ̀. Itẹ́ náà ti lé ní 13,000 ọdún. Òkú 61 ni wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n sì ka 20 tí ọgbẹ́ wà lára wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn ìwé ń sọ ni pé ogun àkọ́kọ́ láyé nìyí, ìjà kan tó pa gbogbo wọn. Nígbà tó di ọdún 2021, Isabelle Crevecoeur, Daniel Antoine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí tuntun jáde lórí eegun náà, tó wà ní British Museum báyìí. Awò amúǹkan-tóbi ni wọ́n fi wo eegun kọ̀ọ̀kan. Ẹni 41 ni wọ́n rí ọgbẹ́ lára wọn, ọmọdé wà nínú wọn. Nínú 41 yìí, 16 ní ọgbẹ́ méjì tí ìgbà wọn yàtọ̀: èyí tó ti jinná, àti èyí tí kò rí àyè jinná.

Ibí yìí ni ọ̀nà ìtàn méjèèjì, ìjà ọjọ́ kan àti ìkọlù léraléra, ti yà. Bó bá jẹ́ ìjà ọjọ́ kan, òkú inú itẹ́ náà gbọ́dọ̀ jọ àwọn alààyè, ọgbẹ́ wọn á jẹ́ tútù, inú ihò kan náà la ó sì ti bá ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ orí àwọn òkú náà ṣe tò kò bá ti ìpakúpa ọjọ́ kan mu. Wọ́n ti ṣí àwọn ibojì kan láti fi òkú mìíràn kún un. Ẹni tí ọfà bà, tó yè é, tí eegun rẹ̀ so padà, tí ọfà mìíràn tún wá pa, ọdún tó lò nínú ewu kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn olùwádìí náà gbà pé ìkọlù kéékèèké ló ń wáyé léraléra láàárín àwọn tó ń dọdẹ tí wọ́n sì ń pẹja lẹ́bàá odò náà, nígbà tí ojú ọjọ́ ń yí padà tí ibi tó ṣeé gbé sì ń dín kù. Lójú tèmi, èyí bani nínú jẹ́ ju ogun ọjọ́ kan lọ. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, inú ewu ni wọ́n bí wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí pé ibẹ̀ ni kíka ẹni tí kò sí ti mú iṣẹ́ jù. Ní Kilianstädten ní Jámánì, àwọn tó ń la ọ̀nà kan ihò òkú ní ọdún 2006. Christian Meyer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ẹni 26, ọmọdé sì ni ìdajì wọn. Ẹni tó pa wọ́n ti ṣẹ́ eegun ojúgun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Obìnrin méjì péré ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti lé ní ọmọ 40 ọdún. Ní Schletz ní Austria, ó kéré tán òkú 67 ni wọ́n bá nínú yàrà tó yí ìlú náà ká, níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́bìnrin ṣọ̀wọ́n. Níbo ni wọ́n wà?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra á sọ pé bóyá bó ṣe bọ́ sí ni. A lè dán ìyẹn wò. Ẹ mú owó ẹyọ 11 tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ dọ́gba ní bíbọ́, dípò àwọn àgbàlagbà Kilianstädten tí a mọ̀ bóyá ọkùnrin ni wọ́n tàbí obìnrin, ẹ jẹ́ kí ìdojúdé jẹ́ obìnrin, kí ìṣíjú sókè jẹ́ ọkùnrin, ẹ dà á sílẹ̀ nígbà 1,000. Nǹkan bí ìgbà 33 péré ni obìnrin á jẹ́ méjì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Bí a bá sì tún béèrè pé kí àwọn obìnrin méjì yẹn jẹ́ àgbà nìkan, kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kejì, ọ̀rọ̀ “bó ṣe bọ́ sí” kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà lẹ́rú ni, tàbí kí wọ́n ti sá lọ. Kọ̀ǹpútà kò lè ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀, nítorí pé òkú kan náà ni wọ́n fi sílẹ̀. Mo mọ ibi tí ọkàn mi wà. Àwa tí ìtàn ogun àti owó ẹrú kò jìnnà sí ìdílé wa mọ ẹni tí àwọn ajagun máa ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, a sì mọ ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe ibojì kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe àfarawé rẹ̀. Ní ọdún 2013, Stephen Shennan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ọjọ́ orí tí wọ́n fi kábọ̀n wọ̀n jọ káàkiri Yúróòpù, wọ́n sì fi hàn pé níbi tí iṣẹ́ àgbẹ̀ bá ti dé, èèyàn á kọ́kọ́ pọ̀ rẹpẹtẹ, lẹ́yìn náà iye wọn á já wálẹ̀ wìì. Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ojú ọjọ́. Ní ọdún 2023, Daniel Kondor, Peter Turchin, Detlef Gronenborn àtàwọn mìíràn, tí àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní Complexity Science Hub ní Vienna nígbà náà, da gbogbo Yúróòpù sínú kọ̀ǹpútà, láti ọdún 7000 sí 3000 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn abúlé inú rẹ̀ ń gbin nǹkan, wọ́n ń pọ̀, wọ́n ń pín, wọ́n ń ṣí lọ. Nígbà tó jẹ́ ojú ọjọ́ nìkan ló ń dà wọ́n láàmú, pípọ̀ àti jíjá náà kò jọ ti gidi. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí àwọn abúlé náà máa kọlu ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ọ́. Ogun kò ní láti pa gbogbo ayé kó tó sọ ilẹ̀ di ahoro. Ìbẹ̀rù tó. Àwọn èèyàn á fi oko sílẹ̀ lọ sí ibi tó ní ààbò, pápá á di igbó.

Iṣẹ́ yìí wú mi lórí, ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ kan. Ẹni tó bá fi ogun sínú kọ̀ǹpútà tán, tó sì rí ogun níbẹ̀, kò tíì rí nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń wá nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí wọ́n dán wò tó kùnà. Ti Kondor ní in, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé e yẹ̀ wò tìtara-tìtara. Mo sì kọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi itẹ́ mẹ́ta dá ẹjọ́ gbogbo ọmọ aráyé. Samuel Bowles kó àwọn itẹ́ àti ìtàn àwọn ọdẹ àtijọ́ jọ ní ọdún 2009, ó rí i pé ogun ló fa nǹkan bí ikú àgbà 14 nínú 100. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ará Japan wo eegun àwọn Jomon, àwọn tó ń dọdẹ tí wọ́n sì ń pẹja ní ilẹ̀ wọn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, láti itẹ́ tó lé ní 200. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ 1.8 nínú 100. Kódà bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta nítorí ọfà tí kì í kan eegun, kò dé ìdajì ti Bowles. Ibì kan gbóná, ibì kan tutù. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló tọ́ kí a máa wá ìdí rẹ̀.

Ní Koszyce, ní gúúsù Poland, wọ́n rí ihò kan ní ọdún 2011. Òkú 15 ló wà níbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 2880 sí 2776 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n sì ti fọ́ orí gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ àbùdá inú eegun wọn wò, ẹbí kan ni wọ́n. Ẹni tó sin wọ́n kò dà wọ́n nù bíi ti Talheim. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀. Ẹni tó tẹ́ wọn mọ ẹni tó bí ta ni. Nígbà tí wọ́n wá to ìdílé náà bí ó ṣe yẹ kó wà, àwọn tí iye wọn kò pé ni àwọn bàbá: ọmọ wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, bàbá púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò sí. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà rò pé ó lè jẹ́ pé wọn kò sí nílé ní ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n padà dé, àwọn náà ni wọ́n sì gbẹ́ ihò.